Láàárín Ṣíṣiṣẹ́ àti Bíbàjẹ́: Ọ̀rọ̀ Lórí Ojú Ẹ̀rọ Tí A Fi Ń Ka Àwòrán Inú Ara

  

Mo mọ̀ pé ẹnu ya ọ̀pọ̀ nínú yín nígbà tí ẹ rí àkọlé ọ̀rọ̀ yìí lára ìwé ìpè. Kí ló kan ọ̀jọ̀gbọ́n lítíréṣọ̀ nínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo àyà ènìyàn? Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó jẹ́ onímọ̀ físíìsì tilẹ̀ bi mí bóyá àlọ́ ni mo fẹ́ wá pa. Mo dá a lóhùn pé láti ìgbà tí mo ti gba oyè ọ̀mọ̀wé, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo ń ṣe: mo ń wádìí bí ohun tí a kọ ṣe ń dé ojú ẹni tí ń kà á, àti ohun tí ó ń já bọ́ lójú ọ̀nà kí ó tó dé ibẹ̀. Àwòrán inú ara ènìyàn jẹ́ ohun kíkọ. Dókítà ni òǹkàwé. Ohun tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí, èyíinì ni ojú ẹ̀rọ tí àwòrán náà ń jáde sí, àti bí a ṣe lè mú kí ó máa sọ òtítọ́ lọ́dọọdún títí tí a ó fi pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilé ara mi. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ń ta ẹja yíyan ní Ẹ̀pẹ́. Èéfín kì í ṣe àjèjì sí i, nítorí náà nígbà tí ikọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dà á láàmú, èéfín ni gbogbo wa di ẹ̀bi rù. Nígbà tí ikọ́ náà pé oṣù méjì tí kò lọ, tí ẹ̀wù rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi jù ú, mo mú un lọ sí ilé ìwòsàn kan tí n kò ní dárúkọ. Wọ́n ya àwòrán àyà rẹ̀. Dókítà wò ó lójú ẹ̀rọ kan lórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ńlá tí oòrùn ọ̀sán ń gbà wọlé, ó sì sọ pé òun kò rí nǹkan kan. A dúpẹ́, a gba oògùn ikọ́, a lọ sílé. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ni a gbé àwo pẹlẹbẹ tí wọ́n kó àwòrán náà sí lọ sí ibòmíràn. Wọn kò tún òmíràn yà. Àwòrán àkọ́kọ́ yẹn gan-an ni wọ́n ṣí, nínú yàrá tí ó ṣókùnkùn díẹ̀, lójú ẹ̀rọ tí a ṣe fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Dókítà obìnrin tí ó wà níbẹ̀ kò tíì jókòó tán tí ó fi na ìka sí òkè ẹ̀dọ̀fóró apá ọ̀tún, nítòsí egungun tí ó wà láàárín ọrùn àti èjìká. Òjìji kan wà níbẹ̀, ó rí bí ìkùukùu òwúrọ̀ lórí ọ̀sà. Wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò: ikọ́ ẹ̀gbẹ ni.

Oṣù 6 ni ẹ̀gbọ́n mi fi lo oògùn, ara rẹ̀ sì yá. Ṣùgbọ́n ní gbogbo oṣù mẹ́ta tí a fi sọ pé èéfín ni, ọmọ-ọmọ rẹ̀ méjì ń sùn sí yàrá kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn náà lo oògùn.

N kò lè búra pé ojú ẹ̀rọ ni ó fa àṣìṣe náà. Ó lè jẹ́ pé ó ti rẹ dókítà àkọ́kọ́. Èrò pọ̀ níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ náà ju bí ó ti yẹ lọ. Ó sì lè jẹ́ pé ojú ẹnìkejì já fáfá ju tirẹ̀ lọ. Ohun tí kò jẹ́ kí n sùn ni pé nọ́ńbà kan kò yí padà nínú àwòrán yẹn láti ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ dé ìkejì. Ìwé kan náà ni. A kà á níbì kan, òfìfo ni. A kà á níbòmíràn, àìsàn wà níbẹ̀. Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ nínú iṣẹ́ tiwa, tí akẹ́kọ̀ọ́ méjì ka ẹsẹ ewì kan náà tí ọ̀kan sì sọ pé ojú ewé náà ṣófo, ohun àkọ́kọ́ tí n ó bèèrè ni pé irú ẹ̀dà wo ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Láti orí fíìmù dé orí nọ́ńbà

Ní ọjọ́ 8 oṣù kọkànlá ọdún 1895, ní ìlú Würzburg ní ilẹ̀ Jámánì, Wilhelm Conrad Röntgen ṣàkíyèsí ìtànṣán kan tí ojú kò rí, tí ó sì ń la ohun tí ìmọ́lẹ̀ kò lè là kọjá. Kò mọ irú ohun tí ó jẹ́, ó bá pè é ní X, bí àwọn onímọ̀ ìṣirò ti ń pe ohun tí wọn kò tíì mọ̀. Ní ọdún 1901 wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel àkọ́kọ́ nínú ìmọ̀ físíìsì. A ti mọ irú ohun tí ìtànṣán náà jẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n orúkọ àìmọ̀ yẹn kò kúrò lára rẹ̀. Ká ní àwa Yorùbá ni a kọ́kọ́ rí i ni, a ò bá ti kó oríkì bí mẹ́fà bò ó.

Fún ọdún tí ó lé ní 80 lẹ́yìn ìgbà náà, orí fíìmù ni à ń ya àwòrán sí. Ẹ̀yin àgbà inú wa rántí àpòòwé fẹ̀ǹfẹ̀ tí a máa ń gbé há abíyá, tí ẹ̀gbọ́n ọlọ́jà yóò yọ ohun inú rẹ̀ jáde, tí yóò gbé e sókè sí oòrùn, tí yóò sì máa mi orí bí ẹni pé ó rí nǹkan. Fíìmù kò níyì mọ́ lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, ṣùgbọ́n ó ní ìwà kan tí mo bọ̀wọ̀ fún. Bí a bá ti fọ̀ ọ́ nínú oògùn rẹ̀ tí ó gbẹ, ohun tí ó dúdú lórí rẹ̀ ti dúdú, ohun tí ó funfun ti funfun. Àpótí oníná tí a ń fi í kọ́ sí lè dọ̀tí, gílóòbù inú rẹ̀ lè rẹ̀, àmọ́ àwòrán fúnra rẹ̀ wà bí ó ti wà. Ó dà bí ìwé tí a ti tẹ̀ jáde.

Àwòrán òde òní kò rí bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà ni. Ẹ̀rọ a pín àyà ènìyàn sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún àmì tóótòòtó, àmì kọ̀ọ̀kan a sì ní nọ́ńbà tirẹ̀, tí ó ń sọ bí ara ti dí ìtànṣán lọ́nà tó níbẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ àwòrán bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà yìí lè jẹ́ èyíkéyìí láàárín 0 àti 4,095. Ẹ̀rọ tí Godfrey Hounsfield ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ń gé inú orí ènìyàn wò lẹ́lẹ́bẹ lẹ́lẹ́bẹ láìfi ọ̀bẹ kàn án, orí nọ́ńbà ni a ti bí i. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 1971 ni wọ́n kọ́kọ́ lò ó fún aláìsàn, ní ilé ìwòsàn Atkinson Morley ní Wimbledon, nígbà tí ó sì di 1979, òun àti Allan Cormack, ọmọ bíbí ilẹ̀ South Africa, jọ gba ẹ̀bùn Nobel.

Kò sí ẹni tí ó lè wo nọ́ńbà kí ó rí ẹ̀dọ̀fóró. Ojú ẹ̀rọ ni yóò sọ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan di ìmọ́lẹ̀: kékeré di dúdú, ńlá di funfun, àwọn tí ó wà láàárín di oríṣiríṣi àwọ̀ eérú. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan wá, àwa tí a ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ àfẹnusọ. Nọ́ńbà ni ọ̀rọ̀, ojú ẹ̀rọ ni ìlù tí ń sọ ọ́ jáde.

Ẹ ronú sí dùndún. Onílù ń fún ọsán mọ́ra, awọ ń le, ohùn ń lọ sókè. Ó ń dẹ ọwọ́, ohùn ń sọ̀ kalẹ̀. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ni gbogbo ọrọ̀ ìlù náà. Bí òjò bá ti ń rọ̀ láti àárọ̀ tí ọ̀rinrin mú awọ, awọ a dẹ̀. Ìlù náà kò fọ́, yóò ṣì dún bí a bá lù ú, ènìyàn yóò sì jó sí i. Ṣùgbọ́n ohùn òkè kò ní í dé òkè mọ́, yóò máa bá ti àárín pàdé, ẹni tí a sì fi ìlù kí pé ó lọ́kọ́ lè gbọ́ pé ó lọ́kọ. Ìdí nìyẹn tí onílù tí ó mọṣẹ́ fi máa ń yá awọ sí oòrùn tàbí iná, tí ó sì ń dán an wò kí ó tó wọ agbo. Kì í dúró di ìgbà tí àwọn ènìyàn bá ń rẹ́rìn-ín.

Bí ojú ẹ̀rọ ṣe ń dàgbà

Nígbà àtijọ́, ojú ẹ̀rọ onígò ńlá ni a ń lò, irú èyí tí Karl Ferdinand Braun kọ́kọ́ ṣe ní 1897, tí tẹlifíṣọ̀n ilé wa náà sì fi ṣe ara. Lẹ́búlẹ́bú kan wà nínú gò náà tí ń tàn bí iná mọ̀nàmọ́ná bá kọlù ú, bí ọdún ti ń gorí ọdún ni agbára àtitàn rẹ̀ ń dínkù. Ibi tí ó sì máa ń tàn jù ni ó máa ń kọ́kọ́ jó.

Ti òde òní jẹ́ pẹlẹbẹ. Omi kírísítàlì tí ó wà nínú rẹ̀ kì í tàn fúnra rẹ̀. Ó ń ṣí, ó ń tì bí ilẹ̀kùn ni, fìtílà tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló ń tàn. Nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ jáde, gílóòbù gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ ni fìtílà yìí, mọ̀lẹ́bí èyí tí ó wà ní àjà ọ́fíìsì wa. Bí a ti ń lò ó ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń rẹlẹ̀, tí ó sì ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ewé tí ó fẹ́ já. Àwọn tuntun ń lo LED, tí ó máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n LED náà ń rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò sí ojú ẹ̀rọ tí kì í dàgbà.

Ohun tí ó burú nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé kì í pariwo. Mọ́tò tí tàyà rẹ̀ jò yóò sọ fún ọ. Ẹ̀rọ amúnáwá tí ọ́ìlì rẹ̀ tán yóò rú èéfín. Ojú ẹ̀rọ tí ó ti pàdánù ìdajì ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ yóò tàn láàárọ̀ bí o bá tẹ̀ ẹ́, yóò gbé orúkọ aláìsàn wá ní funfun lórí dúdú, gbogbo ẹni tí ó wà nínú yàrá yóò sì sọ pé ó ń ṣiṣẹ́. Ojú ènìyàn tún jẹ́ ẹlẹ́tàn: bí ìmọ́lẹ̀ bá dínkù, ẹyinjú yóò fẹ̀ sí i láti gbà á, ọpọlọ yóò sì sọ ohun tí ó ń rí di ohun tí ó tọ́. Ẹni tí ń bá arúgbó gbé lójoojúmọ́ kì í mọ ìgbà tí irun rẹ̀ funfun; àlejò tí ó wọlé lẹ́yìn ọdún mẹ́ta ni ó máa ń kígbe.

Èdè wa ní ọ̀rọ̀ kan tí ó bá èyí mu ju èyíkéyìí tí mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ lọ. A kì í sọ pé aṣọ aláró tí a ti fọ̀ fún ọdún méjì ti bàjẹ́. Kò ya, kò jẹrà, a ṣì ń wọ̀ ọ́ jáde. A máa ń sọ pé ó ti ṣá. Nínú ìwé àkọsílẹ̀ ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ wa, ipò méjì péré ni ẹ̀rọ lè wà: ó ń ṣiṣẹ́, tàbí ó ti bàjẹ́. Ohun tí mo bẹ̀ yín lónìí ni pé kí a fi ẹ̀kẹta kún un. Láàárín ṣíṣiṣẹ́ àti bíbàjẹ́ ni ṣíṣá wà, ibẹ̀ sì ni òjìji ẹ̀gbọ́n mi sọnù sí, bí ìfura mi bá tọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n

Ẹ̀yin tí ẹ ń ná ọjà mọ kóńgò tí a ti fi òòlù lù nídìí kí ó lè gba gàrí tí ó dínkù. Ẹni tí ó bá ní kóńgò gidi nílé nìkan ló lè mọ iye tí a rẹ́ ẹ jẹ. Ọ̀rọ̀ ojú ẹ̀rọ náà rí bẹ́ẹ̀, àyàfi pé kò sí ẹni tí ó lù ú nídìí. Ọjọ́ orí ló lù ú. Kóńgò gidi wá dà?

Ní ọdún 1985 ni àwọn dókítà aláwòrán ní Amẹ́ríkà àti àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ jọ gbé ìlànà àkọ́kọ́ jáde lórí bí àwòrán yóò ṣe máa ti ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ kan dé ọ̀dọ̀ òmíràn. Láti 1993 ni a ti ń pè é ní DICOM. Apá kẹrìnlá ìlànà yìí kò sọ̀rọ̀ nípa wáyà tàbí kọ̀ǹpútà. Ohun tí ojú ènìyàn lè rí ló ń sọ. Wọ́n gbé e ka orí iṣẹ́ Peter Barten, onímọ̀ ará Netherlands tí ó ṣèṣirò ìyàtọ̀ tí ó kéré jù lọ tí ojú lè dá mọ̀ láàárín ìmọ́lẹ̀ méjì. Ojú wa kì í wo gbogbo ìyàtọ̀ bákan náà. Bí a bá tan àbẹ́là kan kún àbẹ́là méjì, gbogbo ilé yóò mọ̀. Bí a bá tan ọ̀kan kún igba, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀. Nítorí náà wọ́n to àtẹ̀gùn kan, láti ìmọ́lẹ̀ 0.05 dé 4,000 kándẹ́là lórí ojú tí ó jẹ́ mítà kan níbùú àti mítà kan lóròó. Kándẹ́là kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìmọ́lẹ̀ àbẹ́là kan. Àtẹ̀gùn náà ní ìṣísẹ̀ 1,023, ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ìwọ̀n tí ojú ẹ̀dá lè ṣẹ̀ṣẹ̀ dá mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tí ó ṣáájú rẹ̀. Ojú ẹ̀rọ tí ó bá tẹ̀lé àtẹ̀gùn yìí yóò fún ìyàtọ̀ inú òkùnkùn ní ẹ̀tọ́ rẹ̀, yóò sì fún ti inú funfun ní tirẹ̀. Mo ka èyí sí ọ̀kan nínú àwọn ohun tí ó lẹ́wà jù lọ tí mo ti bá pàdé lẹ́yìn òde lítíréṣọ̀: pé wọ́n fi ojú ènìyàn ṣe òṣùwọ̀n fún irin.

Bí a ṣe ń tún un wọ̀n nìyí. A ó tan ojú ẹ̀rọ sílẹ̀ fún nǹkan bí ìdajì wákàtí kí fìtílà rẹ̀ lè móoru. A ó gbé ẹ̀rọ kékeré tí ń wọn ìmọ́lẹ̀ lé e lójú. Kọ̀ǹpútà yóò gbé ìpele àwọ̀ eérú 18 jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, láti orí èyí tí ó dúdú jù dé èyí tí ó funfun jù, a ó sì kọ ìmọ́lẹ̀ tí a rí sílẹ̀ níwájú ìkọ̀ọ̀kan. Bí ohun tí a rí bá yàtọ̀ sí ti àtẹ̀gùn, a ó tún àtẹ ìṣirò tí ń sọ nọ́ńbà di ìmọ́lẹ̀ kọ. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ físíìsì ìṣègùn ní Amẹ́ríkà, AAPM, tẹ ìwé kan jáde lórí èyí ní 2005, wọ́n sì tún un gbé yẹ̀ wò ní 2019. Ìwé ti 2005 sọ pé fún ojú ẹ̀rọ tí dókítà yóò fi ṣèdájọ́ àìsàn, ìyàtọ̀ náà kò gbọdọ̀ ju ìdá 10 nínú 100 lọ. Lẹ́yìn náà ni a wá gbà á nímọ̀ràn pé kí ibi tí ó funfun jù lójú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tó 350 kándẹ́là ó kéré tán, kí ti ọmú obìnrin sì tó 420. Mónítọ̀ kọ̀ǹpútà tí ó wà lórí ọ̀pọ̀ tábìlì ọ́fíìsì, nǹkan bí 250 ni wọ́n kọ sí ara páálí rẹ̀ ní ọjọ́ tí a rà á, nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le.

Títún àtẹ kọ kì í ṣe àjídèwe o. Ìyàtọ̀ ni ó ń tún ṣe; kò lè dá ìmọ́lẹ̀ tí ó ti lọ padà. Bí fìtílà bá ti rẹlẹ̀ kọjá ààlà, a ó pààrọ̀ rẹ̀.

Lẹ́tà 14

Mo ti ń bọ̀ wá síbi tí inú mi dùn sí jù. Àwọn AAPM yìí ya àwòrán kan fún ìdánwò ojú ẹ̀rọ, a ń pè é ní TG18-QC. Kò ní egungun tàbí ẹ̀dọ̀fóró nínú. Ilà, igun mẹ́rin àti àwọ̀ eérú ló kún inú rẹ̀. Igun mẹ́rin dúdú kan wà tí wọ́n fi òmíràn tí ó fi díẹ̀ mọ́lẹ̀ jù ú lọ sínú rẹ̀. Òmíràn funfun, wọ́n fi èyí tí ó fi díẹ̀ ṣókùnkùn jù ú lọ sínú rẹ̀. Bí o kò bá rí ti inú, ojú ẹ̀rọ rẹ ti ń jẹ àwòrán. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì, QUALITY CONTROL, sí ojú ìta mẹ́ta: ọ̀kan dúdú, ọ̀kan bí eérú, ọ̀kan funfun. Lẹ́tà 14 ni. Lẹ́tà àkọ́kọ́ hàn díẹ̀ yàtọ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀, èkejì kò hàn tó o, ẹ̀kẹta kò tó èkejì, títí dé ìkẹyìn tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rì mọ́ ilẹ̀ pátápátá. Ìwé wọn sọ pé lójú ẹ̀rọ tí ara rẹ̀ dá, ó yẹ kí ènìyàn kà á dé QUALITY CONT ó kéré tán, lójú ìta mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ wo bí ó ti rọrùn tó. Ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ ABD lè ṣe é. Kò gba ìṣẹ́jú méjì láàárọ̀ kí aláìsàn àkọ́kọ́ tó wọlé. Kí ẹni tí ó bá kọ́kọ́ jókòó sídìí ẹ̀rọ ṣí àwòrán náà, kí ó ka lẹ́tà, kí ó sì kọ iye tí ó rí sínú ìwé kékeré kan pẹ̀lú ọjọ́. Bí ó bá jẹ́ 12 ní oṣù kìíní, tí ó di 11 ní oṣù kẹfà, tí ó di 9 nígbà tí ọdún yípo, a ti rí ṣíṣá lójúkojú láìra ẹ̀rọ kankan. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ wọ̀n ọ́n ní oṣù mélòó kan sí ara wọn, kí onímọ̀ físíìsì ìṣègùn sì wá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Àmọ́ ìwé kékeré yẹn ni ìpìlẹ̀. Ìtàn ni, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ìtàn ìgbésí ayé ojú ẹ̀rọ kan.

Fèrèsé, iná àti fóònù

Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ ní ilé ìwòsàn gbogbogbòò ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, àwọn ti aládàáni sì ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún. N kò wá láti dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni ohun tí gbogbo wọn jọ ń bá yí.

Àkọ́kọ́ ni fèrèsé. Ẹ bá mi ṣe ìṣirò kékeré yìí. Ojú ẹ̀rọ kan ń fún wa ní 350 kándẹ́là níbi tí ó funfun jù, àti 1 níbi tí ó dúdú jù. Ìlọ́po 350 ni funfun fi ju dúdú lọ. Jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ta sí i lójú, kí ó sì fi 5 péré kún ibi gbogbo. Funfun di 355, dúdú di 6. Ìlọ́po 350 ti di nǹkan bí 59, bẹ́ẹ̀ ni ojú ẹ̀rọ náà jẹ́ tuntun o. Inú òkùnkùn ni ìpalára yìí ti ń ṣẹlẹ̀, inú òkùnkùn sì ni ẹ̀dọ̀fóró wà nínú àwòrán àyà. Yàrá ìkàwòrán kò yẹ kí ó mọ́lẹ̀ ju nǹkan bí 25 sí 50 lux lọ. Yàrá tí oòrùn ń wọ̀ lè ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Kọ́tìnnì aṣọ dúdú ni oògùn rẹ̀, ẹ̀yin oníṣòwò aṣọ sì mọ iye tí ọ̀pá kan jẹ́. Bí ilé ìwòsàn kan kò bá rí owó ra ohun mìíràn lọ́dún yìí, kí ó ra kọ́tìnnì.

Èkejì ni iná. Ìjẹ̀dẹ́ kò jìnnà síbi tí a jókòó sí yìí. Ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ amúnáwá Ẹgbin wà, èyí tí a kọ́ láti máa mú 1,320 mẹ́gáwáàtì wá, tí iná rẹ̀ ń ti àgbègbè wa lọ sí gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà. Síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó wà nínú gbọ̀ngàn yìí tí kò mọ ohùn jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò rẹ̀. Ojú ẹ̀rọ tí iná ń lọ tí ó ń bọ̀ lórí rẹ̀ kì í ráyè móoru dáadáa. Bí a bá kàwòrán ní ìṣẹ́jú márùn-ún tí iná dé, ohun tí a ń wò kò tíì di ara rẹ̀. Ẹ fi ooru kún un, ẹ fi eruku ọyẹ́ tí ń bo gíláàsì kún un, àti ọ̀rinrin ọ̀sà tí àwa ará etídò kò lè sá fún. Ìlànà tí a kọ fún yàrá tútù ní ilẹ̀ òkèèrè sọ iye ìgbà tí ó yẹ kí a wọn ojú ẹ̀rọ. Èrò tèmi ni pé kí tiwa súnmọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀kẹta ni fóònù, n kò sì ní pẹ́ níbẹ̀ nítorí mo mọ̀ pé nítorí àìtó dókítà ni a ṣe ń ṣe é. Ẹnìkan a gbé fóònù sókè, a ya fọ́tò ojú ẹ̀rọ, a fi WhatsApp ránṣẹ́ sí dókítà tí ó wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ní Ojodu Berger. Fóònù tirẹ̀ ti yí ìmọ́lẹ̀ padà fúnra rẹ̀ nítorí oòrùn, bóyá ó tilẹ̀ ti pọ́n nítorí wọ́n ní kí ó máa dáàbò bo ojú lálẹ́. Àwòrán àwòrán ni ó ń wò, lójú ohun tí a kò wọ̀n rí. Adàwékọ tí ó da ìwé kọ láti inú àdàkọ mọ̀ pé kí òun sọ bẹ́ẹ̀ létí ìwé. Ó kéré tán, kí a máa kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé fọ́tò fóònù ni.

Ta ni yóò ṣe é?

Mo ti wà níbi tí a ti gé rìbọ́n fún ẹ̀rọ tuntun, a pọnmi, a pín bísíkíìtì, oníròyìn ya fọ́tò. N kò tíì rí ibi tí a ti gé rìbọ́n fún ojú ẹ̀rọ ọlọ́dún márùn-ún tí a tún wọ̀n. Owó rírà máa ń wà nínú ìwé ìnáwó. Owó títọ́jú ni a máa ń fi gégé pa rẹ́. Kò sì sí ẹni tí ń bẹ̀rù ojú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ tí ń tú ìtànṣán X jáde lè pa ènìyàn lára, gbogbo ayé mọ̀, nítorí náà ni a fi dá àjọ tí ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ ìtànṣán, NNRA, sílẹ̀, tí ó ti ń ṣiṣẹ́ láti 2001. Ojú ẹ̀rọ kò lè jó ẹnikẹ́ni. Ohun tí ó lè ṣe ni pé kí ó dákẹ́ nígbà tí ó yẹ kí ó sọ̀rọ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n lè kọ́ iṣẹ́ yìí wà lẹ́nu ọ̀nà wa. Lagos State University ní ọgbà ní Ẹ̀pẹ́ níbi tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjinníà; pọlitẹ́kíníìkì tí ó wà ní Ìkòròdú sì di yunifásítì ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ ní 2022. Ẹ̀rọ tí ń wọn ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo, tí a bá ń gbé e káàkiri, lè sin ilé ìwòsàn púpọ̀ láti Ìkòròdú gba Àgbówà dé Ẹ̀pẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ méjì, ọ̀gá kan, àpò kan, àti ìwé tí a ń kọ ọ́ sí. Mo ti bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ní ẹ̀ka ẹnjinníà sọ ọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n bèèrè iye tí ẹ̀rọ náà jẹ́, mo sì ka ìbéèrè yẹn sí ìlérí.

Ipa ti ẹ̀ka tiwa ni ọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì kan sọ fún mi pé òun rí i pé mónítọ̀ àwọn kò rí bí ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n òun kò mọ ohun tí òun lè kọ sínú ìwé ẹ̀sùn, nítorí kò bàjẹ́. A ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó àkójọ ọ̀rọ̀ kékeré kan jọ: ìpele eérú, ìtúnwọ̀n, ìmọ́lẹ̀ àjèjì fún èyí tí ń ti fèrèsé wọlé, ṣíṣá. A ó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé ojú kan ṣoṣo tí a lè lẹ̀ mọ́ ògiri. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ náà ni kí ẹ wá tún un ṣe fún wa. Bí ọ̀rọ̀ kan kò bá rọ̀ yín lẹ́nu, ẹ sọ fún wa kí a yọ ọ́.

Alága, mo rí i pé ẹ ń wo aago. Mo gbé kọ̀ǹpútà méjì wá, wọ́n wà lórí tábìlì lẹ́yìn yẹn. Ọ̀kan jẹ́ tuntun, èkejì ti wà ní ọ́fíìsì mi fún ọdún mẹ́jọ. Mo ti ṣí àwòrán onílẹ́tà náà sójú àwọn méjèèjì. Lójú ti ọ́fíìsì mi, lẹ́tà 8 ni mo rí lójú ìta dúdú láàárọ̀ yìí, ẹ̀gbọ́n mi tí ó jókòó sí ìlà kẹta sì ní 7 ni òun rí. Bí a bá ti dáhùn ìbéèrè tán, ẹ wá kà á fúnra yín, kí ẹ kọ iye tí ẹ rí sínú ìwé tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ dákun, ẹ bá wa fa kọ́tìnnì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.